Ta Ló Buwọ́ Lùwé Kí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Gbéra?

(Àwọn ọ̀dọ́ agbaṣẹ́ṣe àtàwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìrajà ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, àfi ibi tí iná ti lọ tí gbogbo wa dákẹ́.)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ìsọ̀ yín pa wá jókòó síbí, mo kí yín. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba. Mo lè dúró síbí kí n máa ka òfin fún yín, ẹ ó sì sùn lọ. Ẹ jẹ́ kí n kúkú mú yín lọ sí etí òkun kan ní Florida.

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́hùn-ún ló mú mi lọ wo rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdájí ni, ní Cocoa Beach, òtútù ń mú mi, súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ ni mo wọ̀. Mo ti ń wo nǹkan yìí nínú tẹlifíṣọ̀n tipẹ́, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ nǹkan kan. Iná ló kọ́kọ́ yọ, gbogbo ojú òkun mọ́lẹ̀ kedere bí ẹni pé oòrùn ṣi àkókò mú, ṣùgbọ́n kò sí ariwo rárá. Ó lé ní ìṣẹ́jú kan kí ìró rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó sì dé, àyà ni mo fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí.

Ilẹ̀ mọ́, à ń wakọ̀ lọ sílé, a gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà àwọn ológun kan tí wọ́n ń pè ní Patrick kọjá. Ọkùnrin kan jókòó lórí ẹ̀rọ ìgékoríko, ó fi nǹkan di etí, ó ń gé koríko lọ ní tirẹ̀. Mo ní, "Ṣé sójà nìyẹn?" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Dádì. Agbaṣẹ́ṣe ni."

Ẹni tó bá ti fi ọdún 27 ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìrajà ìjọba bíi tèmi, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn. Ta ló gbé iṣẹ́ koríko fún un? Èló ni wọ́n dá lé e? Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gé e kanlẹ̀? Rọ́kẹ́ẹ̀tì ti lọ, koríko ló kù lọ́kàn mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, mo sì ń bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Láti oṣù Keje ọdún 1950 ni wọ́n ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì láti Cape Canaveral, ibùdó kan nítòsí Cocoa Beach yẹn. Lónìí, Space Force ló ni àbójútó ibẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka ọmọ ogun tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2019 fún ọ̀rọ̀ ojú sánmà. Ikọ̀ tó wà ní ìkáwọ́ ibùdó náà ń jẹ́ Space Launch Delta 45. Lábẹ́ wọn, ní Patrick níbi tí mo ti rí ọlọ́koríko, ni 45th Contracting Squadron wà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ẹ̀ka ìrajà ni. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ sójà, àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tiwa, bírò sì ni ohun ìjà wọn.

Kí n yáa tú ohun kan tó máa ń rújú fún ènìyàn. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ló ń ra rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka mìíràn, Space Systems Command, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní California, ló ń ṣe ìyẹn, màá sì débẹ̀ torí ìjà tó wà níbẹ̀ dùn ún gbọ́. Ohun gbogbo tó kù, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe láìsí, ni ti àwọn ará Patrick: títì tí wọ́n ń gbé satẹ́láìtì gbà, òrùlé tó ń jò, ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá kọ̀ǹpútà, ọ̀dà tí wọ́n ń kun irin.

Ọ̀dà yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ tàbí Badagry rí mọ ohun tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń ṣe fún páànù. Etí òkun gan-an ni Cape Canaveral wà, irin ń dógùn-ún níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi ìjàpá inú òkun kún un. Àwọn ìjàpá yìí máa ń wá yé ẹyin sí etíkun ibẹ̀, tí ọmọ wọn bá sì pa, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti mọ ibi tí omi wà. Iná mànàmáná funfun tó bá ń tàn lóru á ṣì wọ́n lọ́nà, wọ́n á máa rìn lọ sórí títì. Nítorí náà, iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní òfin tirẹ̀: bó ṣe gbọdọ̀ pọ́n, ibi tó gbọdọ̀ dojú kọ. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ iná, tó wá lọ ra èyí tó rí lọ́jà nítorí pé owó rẹ̀ dín díẹ̀, ó ti kó sí wàhálà. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn nígbà ayé iṣẹ́ mi: inú àlàyé ohun tí a fẹ́ rà ni ìjà wà, kì í ṣe inú iye rẹ̀.

Ó wá ku ohun tó gbé mi wá síbí gan-an. Ní gbogbo ọgbà náà, pẹ̀lú gbogbo ọ̀gágun tí ìràwọ̀ wà ní èjìká wọn, ta ló lè sọ fún oníṣòwò pé, "Máa gbé e bọ̀, ìjọba á san owó rẹ"?

Kì í ṣe ọ̀gágun. Kì í ṣe ọ̀gá àwọn ẹnjiníà. Ẹni tí wọ́n fún níwèé àṣẹ nìkan ni. Wọ́n máa ń gbé ìwé yẹn kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì bí a ṣe ń gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì kọ́, orúkọ ẹni náà á wà níbẹ̀, iye owó tí kò gbọdọ̀ kọjá náà á wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún 30, kó jẹ́ sájẹ́ǹtì lásán. Bí kọ́nẹ̀ẹ̀lì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé òun ń fẹ́ nǹkan kan kíákíá, ó lè ní, "Ẹ má bínú sà, kò ṣeé ṣe báyìí," kọ́nẹ̀ẹ̀lì á sì padà lọ. Fún ìràkurà kéékèèké, wọ́n ní káàdì tí òṣìṣẹ́ mìíràn lè fi rà á. 10,000 dọ́là ni òpin rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ó di 15,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ohun tó bá ti ju ìyẹn lọ, ó di ọwọ́ oníwèé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí.

Ní ọdún kan, ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àlejò ńlá ń bọ̀, jẹnẹrétọ̀ ò sì gbọdọ̀ kú. Ọ̀gá wa pe Alhaji kan tó ń ta dísù lórí fóònù, èmi gan-an wà nínú yàrá náà. "Alhaji, ẹ bá wa gbé táńkà kan wá, ìwé á tẹ̀ lé e." Táńkà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ni mo gba dísù, èmi ni mo kọ "mo gbà á" sínú ìwé ráńpẹ́ tí dírẹ́bà mú wá. Àlejò wá, ó jẹ, ó mu, ó lọ. Ìwé ò tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n gbé ọ̀gá lọ síbòmíràn, ọ̀gá tuntun dé, ó wo Alhaji lójú, ó ní, "Èmi kọ́ ni mo pè yín." Fún oṣù 14, gbogbo ọjọ́ Ajé ni Alhaji ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì mi, fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ lórí itan, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Kò bú mi lọ́jọ́ kan. Ìyẹn ló burú jù. Á kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé wọ́n ti rántí wa?"

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí, àwọn èèyàn wọn ń ṣẹ̀ ẹ́. Ẹnjiníà kan á rí i pé páìpù bẹ́, á pe ẹni tó ń ṣe páìpù pé kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n lójú òfin wọn, ìlérí ẹni tí kò níwèé àṣẹ kò de ìjọba rárá. Oníṣòwò tó bá gbọ́ ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà. Bí wọ́n bá fẹ́ san án, ẹni tó ṣe ìlérí gbọ́dọ̀ kọ ìwé, kó ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ìdí tí kò fi gba ọ̀nà tó yẹ, ìwé náà á wá gòkè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lágbára láti fọwọ́ sí i lẹ́yìn ọjọ́. Bí onítọ̀hún bá kọ̀, ẹni tó ṣẹnu ṣe ìlérí lè bá gbèsè náà lọ́rùn ara rẹ̀. Mo rò ó pé bí ó bá jẹ́ pé tiwa rí bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá mi ì bá ti gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Èmi náà ì bá sì ti sọ fún dírẹ́bà pé kó dá táńkà rẹ̀ padà.

Owó ńkọ́? Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ìṣúná wọn ń parí. Ẹ mọ bí oṣù Kejìlá ṣe ń rí ní ọ́fíìsì ìjọba tiwa, nígbà tí ọdún ìṣúná bá ń parí? Oṣù Kẹjọ àti Ìkẹsàn-án ló ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ná owó tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ò tí ì fọwọ́ sí, tó sì mọ̀ọ́mọ̀, òfin ní ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Òfin ìrajà wọn, tí wọ́n ń pè ní FAR, ti wà láti 1984, ó nípọn débi pé ní 2025, ìjọba fúnra rẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n gé e kúrú.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń sọ lẹ́yìn pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ó kàn wá díẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ọkọ̀ ojú omi ológun Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Kingsport wà ní èbúté Èkó níbí. Láti inú ọkọ̀ yẹn ni Balewa ti bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ gba orí satẹ́láìtì Syncom 2, tí wọ́n yìn lókè láti Cape Canaveral kò tíì pé oṣù kan ṣáájú. Kí n tún mú èyí tó súnmọ́ wa jù wá. Ní 2017, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti FUTA, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀ yẹn, wà lára àwọn tó kọ́ satẹ́láìtì kékeré kan, Nigeria EduSat-1, pẹ̀lú yunifásítì Kyushu Institute of Technology ní Japan. Ẹ lè gbé e dání lọ́wọ́ kan. Florida ni wọ́n ti gbé e lọ, nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 tó ń kó ẹrù lọ sí ibùdó ojú òfuurufú. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ló yẹ kó lọ. Kò lọ. Mànàmáná ń kọ ní àgbègbè ibẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi mànàmáná yẹn. Káàkiri ilẹ̀ náà, wọ́n ri àwọn ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, wọ́n tó bíi 30, tí ń wọn agbára iná inú afẹ́fẹ́ kí àrá tó sán rárá. Àwọn ológun tó ń wo ojú ọjọ́ ló ń ka ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ, àwọn ni wọ́n sì ń sọ pé "ẹ má yìn ín." Wọn ò ṣeré, torí pé mànàmáná na rọ́kẹ́ẹ̀tì Apollo 12 ní 1969 pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta nínú rẹ̀, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń nu ìdọ̀tí kúrò lára ẹ̀rọ wọ̀nyẹn? Ta ló ń pààrọ̀ èyí tó bà jẹ́ kí ọjọ́ ìyìn tó kò? Agbaṣẹ́ṣe. Ní 2014, wọ́n gbé ìtọ́jú irú àwọn ohun èlò bẹ́ẹ̀, ti Florida àti ti Vandenberg, ibùdó ìyìn rọ́kẹ́ẹ̀tì ní California, pa pọ̀, fún ilé-iṣẹ́ kan tí Raytheon àti General Dynamics jọ dá sílẹ̀, RGNext. Iṣẹ́ náà lè tó 2 bílíọ̀nù dọ́là. Nítorí náà, nígbà tí satẹ́láìtì Àkúrẹ́ dúró de ojú ọjọ́ fún ọjọ́ méjì, tó sì gbéra ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, ìwé kan tí ẹnì kan ti buwọ́ lù ní ọdún mẹ́ta ṣáájú wà nídìí rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ yìí ti le. Ìwé àdéhùn tí ẹ bá kọ lónìí, iṣẹ́ ọ̀la lẹ kọ ọ́ fún, ẹ ò sì mọ ọ̀la. Ní 2021, rọ́kẹ́ẹ̀tì 31 ló gbéra láti ìhà Florida. Ní 2024, 93. Ọdún mẹ́ta péré! Ẹ rò ó bí ẹni gba iṣẹ́ oúnjẹ òkú tí wọ́n ní èèyàn 300 ń bọ̀, tí 900 wá dé, tí òkú ọ̀hún sì ń tún kú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Títì kan náà ni, wáyà iná kan náà, afárá kan náà. Ẹni tó níwèé àṣẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó ti lè fi iṣẹ́ kún un nínú àdéhùn àtijọ́ àti ibi tí ó ti di iṣẹ́ tuntun tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ díje fún. Bó bá sún ààlà yẹn sẹ́yìn díẹ̀, àwọn tí kò rí iṣẹ́ gbà á pe ẹjọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn kì í sì í ṣe ti ìjọba, ti oníṣòwò ni. Òfin 1984 kan ní kí ológun má gba ju owó ohun tí wọ́n dìídì lò fún rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gan-an lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ilé olójúlé mẹ́wàá rí, ẹ mọ ayálégbé tó máa ń dá owó epo jẹnẹrétọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í dá ti òróró ẹ́ńjìnnì àti ti mẹkáníìkì. Bó ṣe rí nìyẹn. Òfin àwọn ológun ti ọdún ìṣúná 2024 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà wọ́n láyè láti béèrè owó mẹkáníìkì.

Mo ṣèlérí ìjà. Ní oṣù Keje 2003, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà rí i pé ìwé àṣírí ilé-iṣẹ́ Lockheed Martin wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Boeing tó ń bá a díje, ìwé ìdíje lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe ojú ìwé kan tàbí méjì. Wọ́n gba iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì méje lọ́wọ́ Boeing, wọ́n gbé e fún Lockheed. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó jẹ́ àgbà nínú ìrajà àwọn ọmọ ogun òfuurufú náà, Darleen Druyun, gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú lèyí, kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: Boeing fún ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀ níṣẹ́, òun náà ń bá wọn dúnàá dúrà iṣẹ́ tara rẹ̀ nígbà tó ṣì jókòó sórí àga tó ti ń gbé iṣẹ́ fún wọn. (Ẹ̀rín sọ níbí. Mi ò mọ ohun tó ń pa yín lẹ́rìn-ín.)

Ẹjọ́ àwọn tí kò rí iṣẹ́ gbà náà wà. Ní 2014, SpaceX, ilé-iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì kan, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé wọ́n ra ara rọ́kẹ́ẹ̀tì 36 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ULA, ilé-iṣẹ́ tí Boeing àti Lockheed jọ dá sílẹ̀, láìjẹ́ kí ẹlòmíràn díje. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí ní oṣù Kìíní 2015, àwọn ológun fún SpaceX níwèé ẹ̀rí ní oṣù Karùn-ún pé rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yẹ fún iṣẹ́ wọn, nígbà tó di 2016 wọ́n gbé iṣẹ́ gbígbé satẹ́láìtì GPS kan lọ sókè fún un ní 82.7 mílíọ̀nù dọ́là. GPS yẹn náà ni dírẹ́bà Bolt fi gbé yín wá síbí lówùúrọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló jọ pín iṣẹ́ ìyìn rọ́kẹ́ẹ̀tì 54: SpaceX 28, ULA 19, Blue Origin 7. Ẹni tó pe ẹjọ́ ló wá gba èyí tó pọ̀ jù. Níbí, ẹ mélòó lẹ gbójúgbóyà pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí tẹ́ńdà, kẹ́ ẹ sì tún padà rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba kan náà?

(Wọ́n béèrè ìbéèrè díẹ̀. Ọ̀kan ni mo fẹ́ kọ síbí.)

Màmá kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọ́fíìsì dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé o. Àbúrò mi wà ní Orlando, ó ń sè, ó ń tà. Ṣé ó lè rí iṣẹ́ gbà lọ́dọ̀ àwọn sójà rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí?"

Ó lè rí i, Ma. Òfin ibẹ̀ ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ohun tí ìjọba wọn sì ń lé ni pé kí 23 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún owó àgbàṣe bọ́ sọ́wọ́ wọn. Kó kọ́kọ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lórí SAM.gov, ìkànnì ìjọba wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ gùn, kó mú sùúrù. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é lórí fóònù pé òun á bá a fi orúkọ sílẹ̀ ní 500 dọ́là, kó gbé fóònù náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì gba iṣẹ́, tí ọ̀gágun kan bá ní kó fi àwo 50 kún un, kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, "Sà, ta ló níwèé àṣẹ?"

Màmá náà ní kí n kọ SAM.gov sí òun lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nítorí pé kò sí bébà nítòsí.